Pákó Tó Lágbára Lè Máa Mì: Bí A Ṣe Ń Gbé Àtẹ̀gùn Ajá Kalẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Tí Kò Tẹ́jú

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi pákó kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn nítorí Bingo, ajá mi, tí ó ti di arúgbó tí kò sì lè fò wọ inú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára pákó náà pé ó lè gba 90 kílò, Bingo kò sì ju 34 kílò lọ. Mo gbé òkè rẹ̀ lé bùùtù ọkọ̀, mo gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé ilẹ̀ àgbàlá wa, ilẹ̀ pupa tí àgbàrá òjò ti wọ́ títí tí ó fi ní kòtò kéékèèké káàkiri, mo sì pe ajá. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé e, pákó mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, igun kan rẹ̀ sì dún gbà mọ́lẹ̀. Bingo fà sẹ́yìn, ó jókòó, ó ń wò mí. Aládùúgbò mi tí ó dúró tì wá ní ajá náà ti ya alágídí.

Ajá kò ṣe agídí. Pákó ni kò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lágbára tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ra irú nǹkan yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: wọ́n á ka iye kílò tí pákó lè gbà, wọ́n á sì rò pé òun náà ni ó ń sọ bóyá pákó yóò mì tàbí kò ní mì. Fídíò tí wọ́n wò kí wọ́n tó sanwó sì sábà máa ń jẹ́ orí táílì tàbí títì ọlọ́dà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àgbàlá tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni àtẹ̀gùn ajá, ajá wo ni ó sì nílò rẹ̀?

Àtẹ̀gùn ajá ni pákó gbọọrọ, tí ó lè jẹ́ igi, ike tàbí irin fífúyẹ́, tí a gbé kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárín ilẹ̀ àti ibi gíga kan kí ajá lè rìn gòkè dípò kí ó fò. Àwọn tí ń tà á ń pè é ní ramp. Kò ní ìgbésẹ̀ bíi ti àtẹ̀gùn ilé. Nínú àlàyé yìí, etí tí ó kan bùùtù tàbí ẹnu ọ̀nà ni mo máa pè ní orí pákó, etí tí ó kan ilẹ̀ ni mo máa pè ní ìdí pákó.

Ajá tí ara rẹ̀ ṣì le lè máà wò ó rárá. Ajá àgbà tí oríkèé ń ro, ajá Jámánì tí ìgbáròkó ń yọ lẹ́nu, ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bíi Dachshund, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tètè máa ń ní ìṣòro, àti ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn ni ó wà fún. Bí ajá bá dúró lásán, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú ń gbé. Bí ó bá wá bẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ iwájú yẹn náà ni yóò kọ́kọ́ gba gbogbo ìwúwo náà mọ́ra. Nítorí náà ni sísọ̀kalẹ̀ fi léwu ju gígòkè lọ, gígòkè sì ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣọ́.

Kí ló dé tí pákó tí ó gba 90 kílò ṣì ń mì?

Iye kílò ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ẹrù bá gorí pákó, ṣé pákó yóò kán? Kò sọ bóyá pákó yóò yí, bóyá yóò yọ̀, bóyá yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ti gba orí pákó kọjá gọ́tà wọ ṣọ́ọ̀bù rí nínú ọjà ti mọ ìyàtọ̀ yìí ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Pákó náà lè nípọn débi pé alábàárù gbé àpò ìrẹsì kọjá lórí rẹ̀, síbẹ̀ bí igun kan rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọkàn rẹ̀ á já. Ènìyàn mọ̀ pé pákó kò ní kán, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ajá kò mọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ohun tí òun tẹ̀ sún lábẹ́ òun, ajá tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kì í tètè gbàgbé.

Bí igun kan kò bá kan ilẹ̀, ìwúwo ajá á rọ́ lọ sórí àwọn igun yòókù, pákó á sì fẹ́ lọ́. Pákó tí ó ṣeé ká, tí ó ní ìdè ní àárín, ni ó máa ń han jù lára rẹ̀, nítorí pé ìdè náà ni lílọ́ yẹn ń bá. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ní àárín pákó nígbà tí ajá wà lórí rẹ̀, ẹ má wo àárín, ìdí pákó ni kí ẹ lọ wò.

Kí ni igun mẹ́rin fi yàtọ̀ sí ààrò mẹ́ta?

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òwe ìṣọ̀kan ni a sọ ọ́ dà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdáná ni kí ó tó di òwe. Bí òkúta mẹ́ta kò bá tilẹ̀ ga dọ́gba, ìkòkò yóò jókòó lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè fì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mì. Ẹ fi òkúta kẹrin kún un, àyàfi tí gíga rẹ̀ bá bá ti àwọn mẹ́ta yòókù mu gẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní kan ìkòkò. Pákó wa ní igun mẹ́rin, méjì ní orí, méjì ní ìdí. Bùùtù ọkọ̀ tẹ́jú, nítorí náà igun méjì ti orí máa ń jókòó. Ilẹ̀ ni kò tẹ́jú, nítorí náà ọ̀kan nínú igun méjì ti ìdí á wà lókè, òun ni ó sì ń gbá ilẹ̀ gbà nígbà tí ajá bá tẹ pákó.

Kí ẹ tó pe ajá, ẹ gé páálí pẹlẹbẹ kan, kí ẹ gbìyànjú láti tì í bọ abẹ́ igun ìdí kọ̀ọ̀kan. Igun tí páálí bá wọ abẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kò jókòó. Kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun náà mọ́lẹ̀, kí ẹnìkan máa wo orí pákó: bí igun òkè tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì bá gbéra lórí bùùtù, ibi tí pákó ti ń yí nìyẹn, láti igun dé igun, bí ìgbà tí tábìlì olóúnjẹ bá ń mì tí ọbẹ̀ sì ń dà sétí àwo.

Òkúta ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn láti fi há abẹ́ rẹ̀. Èmi náà fi òkúta há a. Òkúta roboto a máa yí, èyí tí ó bá sì mú ṣóńṣó á rì sínú ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ajá bá ti gun pákó ní ìgbà mélòó kan. Ohun tí ó dára jù tí mo rí kò ná mi ju owó kékeré lọ: mo ní kí àwọn tí ń lẹ táyà ní ìkòríta wa bá mi gé táyà àlòkù sí pẹlẹbẹ mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Rọ́bà náà di ilẹ̀ mú lábẹ́, ó di pákó mú lókè. Bí àlàfo bá jìn, mo máa ń to méjì léra, n kì í tò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí a tò ga lábẹ́ igun kan tún ti di ohun mìíràn tí ó lè yẹ̀. Ẹni tí káfíńtà bá fẹ́ ṣe pákó tuntun fún lè ní kí ó fi ẹsẹ̀ kéékèèké tí a ń yí sókè sódò sí igun méjì ìdí, irú èyí tí ó wà lábẹ́ fíríìjì. Ẹ ó kàn máa yí i títí tí igun náà yóò fi kan ilẹ̀.

Àwọn káfíńtà kan á sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ààrò mẹ́ta, kí àwọn kàn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sí àárín ìdí pákó, kí gbogbo rẹ̀ di mẹ́ta. Òótọ́ ni pé irú pákó bẹ́ẹ̀ kò ní gbá ilẹ̀ gbà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ajá wúwo bá tẹ etí pákó ní ìsàlẹ̀, níbi tí kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pákó lè yí dànù. Fún ajá kékeré, mo lè gbà á. Fún Bingo, mo kọ̀ ọ́.

Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jókòó, ṣé ó tán?

Kò tíì tán, nítorí pé pákó lè jókòó dáadáa kí ó sì fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Pákó tí ó fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, bí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bá fi 4 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ ju èkejì, ti fì tó dìgírì 6 sí ẹ̀gbẹ́, ajá tí ìbàdí ń dùn á sì máa fa ara rẹ̀ mọ́ òkè ní gbogbo ìgbésẹ̀ kí ó má baà já bọ́. Bọ́ọ̀lù kékeré tí ajá fi ń ṣeré ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e sí àárín orí pákó, kí ẹ jẹ́ kí ó yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá dé ìdí láìkúrò ní àárín, ó dára. Bí ó bá yà bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ gbé sókè. Ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí pé kòtò tí ẹ bá gbẹ́ lónìí ni omi òjò yóò dúró sí lọ́la.

Báwo ni pákó ṣe yẹ kí ó dagun tó?

Dìgírì ni a fi ń sọ bí nǹkan ṣe dagun tó: ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ jẹ́ 0, ògiri tí ó dúró ṣánṣán jẹ́ 90. Àtẹ̀gùn inú ilé sábà máa ń wà láàárín 30 sí 37. Ajá tí oríkèé ń ro kò yẹ kí ó máa gun ohun tí ó dagun tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 20 ni mo gbà fún tèmi. Ẹ kò nílò ìṣirò tí ó le. Ẹ wọn gíga bùùtù láti ilẹ̀, kí ẹ wọn gígùn pákó. Bí gígùn bá jẹ́ ìlọ́po méjì gíga, 30 dìgírì ni ajá yóò gùn. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, kò tó 20. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, kò tó 15.

Bùùtù ọkọ̀ mi ga ní 70 sẹ̀ǹtímítà, pákó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì gùn ní 150. Ìlọ́po méjì lé díẹ̀ nìyẹn, nǹkan bí dìgírì 28, ó sì ti pọ̀ jù kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá wa fúnra rẹ̀ dagun ní nǹkan bí dìgírì 6, gẹ́gẹ́ bí fóònù mi ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tí mo tẹ́ ẹ lé pákó tí mo gbé sílẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé ọkọ̀ sí tẹ́lẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí òkè, bùùtù kọjú sí ìsàlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ń sá kúrò lábẹ́ pákó bí pákó ti ń lọ, ilẹ̀ àti pákó sì jọ ń dagun sí ọ̀nà kan náà: 28 àti 6 di 34. Mo wá yí ọkọ̀ padà, kí bùùtù kọjú sí òkè. Ilẹ̀ wá ń bọ̀ lókè wá pàdé ìdí pákó, 28 sì di 22. Pákó kan náà, ọkọ̀ kan náà, àgbàlá kan náà. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, kò sí èyí tí ó ran Bingo lọ́wọ́ tó yíyí tí mo yí ọkọ̀ yẹn padà, kò sì sí ẹni tí ń ta pákó tí ó sọ ọ́ fún mi.

Ọkọ̀ tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú jíà, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a sì fi igi há táyà bí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣe.

Kí ló ń mú kí ìdí pákó sá tàbí kí orí rẹ̀ yọ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ajá bá ń gòkè, ṣe ni ó ń ti pákó mọ́ ọkọ̀, bí ó bá sì ń sọ̀kalẹ̀, ó ń tì í kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tí ń gòkè ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta pákó sẹ́yìn kí ara rẹ̀ lè lọ síwájú. Ajá tí ń sọ̀kalẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ iwájú dá ara rẹ̀ dúró, ó sì ń ti pákó lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń tì í sí, kúrò lára ọkọ̀. Ohun tí ó ń mú kí àkàbà yọ̀ kúrò lára ògiri ni, bí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá ń yọ̀.

Nítorí náà, orí pákó ni kí ẹ so. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìkọ́ irin nínú bùùtù fún dídè ẹrù; bí kò bá sí, irin tí ìlẹ̀kùn bùùtù ń há mọ́ lágbára tó. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ḿpà, ike ni. Okùn pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì dára ju okùn roboto lọ nítorí pé kì í tú bí pákó bá ń gbọ̀n. Kí pákó sì wọ inú bùùtù tó 10 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, torí pé bí ajá 34 kílò bá wọlé, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ó bá jáde, á tún gbéra, pákó tí etí rẹ̀ kàn rọra gbé lé bùùtù lásán lè bọ́ ní ìgbà yẹn gan-an.

Ilẹ̀ wo ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún?

Ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn òjò àti iyanrìn jọra: etí tín-ín-rín pákó á rì sínú wọn. Ẹni tí ó bá ti wọ bàtà gogoro lọ sí òde ìnáwó lórí pápá tí òjò rọ̀ sí kò nílò àlàyé síwájú sí i. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ mìíràn tí ó fẹ̀ ju ìdí àtẹ̀gùn lọ ṣe bàtà fún un, kí ìwúwo lè tàn ká. Orí òkúta wẹ́wẹ́, bàtà yìí kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ gbá àwọn òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle. Koríko tútù ń yọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Interlock dára, àfi tí òjò bá ti pẹ́ tí nǹkan aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ yẹn sì ti bò ó. Búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi ọṣẹ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe rọ́bà.

Ojú pákó ńkọ́?

Pákó tí ó dúró tí ojú rẹ̀ sì ń dán kò wúlò fún ajá. Kápẹ́ẹ̀tì máa ń di ẹsẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, á rà, igi abẹ́ rẹ̀ á sì jẹrà. Rọ́bà tí ó ní kókó kéékèèké pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò wọ́n ni kí ẹ kun pákó ní ọ̀dà, kí ẹ wọ́n iyanrìn tí a ti jọ̀ sí i lára nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, kí ẹ tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì bí ó bá gbẹ. Pákó onírin máa ń gbóná nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e tí ẹ kò lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ajá náà kò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì wo èékánná ajá fúnra rẹ̀: bí ó bá gùn jù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ojú pákó dáadáa, yóò sì máa yọ̀ lórí ohun tí kò yẹ kí ó yọ̀ lórí rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mú ajá tí ẹ̀rù ti bà padà sórí pákó?

Mo tẹ́ pákó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, láìgbé orí rẹ̀ lé ohunkóhun, mo sì jẹ́ kí Bingo máa rìn kọjá lórí rẹ̀ bí ó bá ń lọ jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo gbé orí rẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó padà sí ìdí ọkọ̀. N kò fà á, nítorí ajá tí a bá ń fà lọ́rùn á gbé ìwúwo rẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kò sì ní di pákó mú. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ pákó, mo di bẹ́líìtì tí ó yí igbá-àyà rẹ̀ ká mú, kì í ṣe okùn ọrùn, mo sì ń bá a rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gun ún. Ó dúró ní àárín, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pákó lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń dán afárá wò, kò gbọ́ gbà kankan, ó sì wọ inú ọkọ̀ lọ dùbúlẹ̀.